Ìjàrá Ṣòkòtò Falmata

Kí n tó dé Maiduguri, mo rò pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kọ́ mi nípa okùn. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Bàbá mi ń hunṣọ, ìyá mi ń ká òwú fún un, àwọn àbúrò bàbá mi méjèèjì náà ń hunṣọ. Kódà ìyá tó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, bí òwú bá já níwájú rẹ̀, á so ó kó tó máa bá ọjà rẹ̀ lọ. Kókó tí àwa ń ta ní Ìsẹ́yìn, abẹ nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀. Mo gbé ìmọ̀ yìí dé ilẹ̀ Borno bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́, òun náà ló sì kó mi sí ìjọ̀gbọ̀n tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọkọ mi ló kọ́kọ́ lọ. Yunifásítì gbà á síṣẹ́ olùkọ́, nígbà tó sì tó oṣù mẹ́fà, èmi náà di ẹrù mi, mo tẹ̀ lé e. Ilé tí wọ́n ṣèlérí fún un nínú ọgbà yunifásítì kò tíì ṣófo, la bá háyà yàrá méjì ní Bulumkutu, láàárín àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni bí gbogbo nǹkan ṣe ń gbẹ. Mo fọ ìró méjì lọ́jọ́ tí mo débẹ̀. Kí n tó fún èkejì tán, àkọ́kọ́ ti gbẹ. Ètè mi là, gìgísẹ̀ mi là. Yanrìn wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wà nínú gààrí, ó wà nínú etí. Mo sì ti rò pé Yorùbá ló ni ìkíni láyé, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tàwọn aládùúgbò wa. Wọ́n á bi ọ́ léèrè àárẹ̀, wọ́n á bi ọ́ léèrè ilé, wọ́n á bi ọ́ léèrè ooru, kí o tó dáhùn tán wọ́n á tún ti bẹ̀rẹ̀ látòkè. Mo dúró, mo ń gbádùn rẹ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé ojú mi ló kọ́kọ́ jáde lọ́jọ́ tó bí mi, nítorí pé mo fẹ́ mọ ohun tó ń lọ. Gbogbo nǹkan ni mo na ọrùn wò ní Maiduguri: bí wọ́n ṣe ń to ẹja gbígbẹ sínú páálí ní Baga Road, bí àwọn obìnrin ṣe ń di làálì sẹ́sẹ̀, bí ọkùnrin tó ń ta omi ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá nínú yanrìn láìda omi nù.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa kò parọ́: àlejò lójú, kò fi ríran.

Ohun kan ń dùn mí tí n kò sọ fún ọkọ mi. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi. Àwọn obìnrin àdúgbò ń pè mí ní Matar Malam, ìyẹn ìyàwó olùkọ́. Lọ́jà, Bayarabiya ni mí, obìnrin Yorùbá. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú nìkan ni mò ń gbọ́ orúkọ mi dáadáa, nígbà tí mo bá lọ tò níbi tẹlifóònù nílùú, tí ìyá mi náà bá sì ti jókòó sílé oníṣòwò kan tó ní tẹlifóònù ní Ìsẹ́yìn. Kí n tó sọ pé “Ẹ kú ilé, mà,” ìyá mi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki mi, á máa ki mi lọ títí owó mi á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, èmi náà á sì máa sunkún sí wáyà. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà á rò pé wọ́n túfọ̀ fún mi ni. Wọ́n á ní, “Sannu, sannu,” wọ́n á máa bá mi kẹ́dùn.

Ní oṣù kẹrin ni mo ríṣẹ́. Ilé-ìwé kékeré kan wà ní Lamisula, tí obìnrin gíga kan tí kì í gbé ohùn sókè ń darí. Hájíà ni gbogbo wa ń pè é. Ó fún mi ní kíláàsì àwọn ọmọ ọdún márùn-ún, ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n, ó sì sọ ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ fún mi: kí ọdún ìwé tó parí, kí àwọn ọmọ yìí mọ bí a ṣe ń wọṣọ fúnra wọn. Àti A, B, D, ó ní ìyẹn ò sá lọ.

Mo fi ẹ̀rín gbé e mì. Ta ni kò lè wọṣọ fọ́mọ?

Aṣọ ilé-ìwé àwọn obìnrin ni gáùn tó ní bọ́tìnì mẹ́ta lẹ́yìn, àti ṣòkòtò oníjàrá, èyí tí wọ́n ń fi okùn so ní ìbàdí, lábẹ́ rẹ̀. Ṣòkòtò oníjàrá náà ni tàwọn ọkùnrin, ẹ̀wù wọn náà sì ní bọ́tìnì lẹ́yìn. Ọjọ́rú ni ọjọ́ eré, wọ́n á bọ́ ti ilé-ìwé, wọ́n á wọ ti eré, lẹ́yìn náà wọ́n á tún un pa dà. Ní Ọjọ́rú àkọ́kọ́, mo jókòó sórí àga, mo ń fa wọn mọ́ra ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo bọ́ ọ, mo wọ̀ ọ́, mo de bọ́tìnì, mo so ìjàrá. Àkókò eré ti tán kí n tó dé orí ọmọ kọkànlá. Hájíà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí.

Ó ní, “Malama, ba su da hannu ne?” Ó ń bi mí pé ṣé àwọn ọmọ náà ò lọ́wọ́ ni.

Mo ní, “Wọ́n ní, mà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ.”

Ó ní, “Pẹpẹ kọ́ ló wà níbẹ̀ yẹn. Bọ́tìnì ni.” Ó bá tiẹ̀ lọ.

Ní Ọjọ́rú kejì, mo ní kí wọ́n tò, kí kálukú máa de bọ́tìnì ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ó dára lójú. Èmi á de ti ẹni tó kẹ́yìn, nítorí kò sẹ́nìkan lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó máa ń kẹ́yìn ni Ṣẹ́rífátù, ọmọ oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan ní Baga Road. Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ yẹn àti orúkọ bàbá rẹ̀, inú mi dùn, mo ní mo ti rí ọmọ ilé. Mo ní, “Ṣẹ́rífátù, ṣé o ti jẹun?” Ó wò mí. “Na ci, Anti.” Ó ti jẹun, ṣùgbọ́n Hausa ló fi jẹ ẹ́. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí mo bá sọ, kò kàn ní fi dá mi lóhùn láé.

Ẹni tí mo máa ń fi síwájú ìlà ni Falmata, nítorí kò sí bọ́tìnì tí ọwọ́ rẹ̀ lè de, níwájú ìlà kò sì ní ní ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni láti dè. Kànúrí ni wọ́n. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ń mú un wá láràárọ̀, tí a ń pè ní Kaka. Kaka ló ń wẹ̀ fún un, Kaka ló ń wọṣọ fún un, Kaka ló ń bọ bàtà sí i lẹ́sẹ̀ ní ẹnu géètì bí ẹni pé ọba ló mú wá. Ọmọ náà á na ẹsẹ̀ síwájú, á sì máa wo ojú ọ̀run. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí olùkọ́ fẹ́ràn ọmọ kan lọ. Bóyá nítorí pé òun náà máa ń na ọrùn wo nǹkan bíi tèmi.

Wàhálà tó kù ni ìjàrá. Ìdì táwọn ọmọ ń dì fúnra wọn kì í pẹ́ tú, ṣòkòtò á sì já bọ́ lẹ́nu eré. Ní Ọjọ́rú kan ó sú mi. Mo pe gbogbo wọn, mo fi kókó Ìsẹ́yìn so gbogbo rẹ̀, fíríì, fíríì, bí bàbá mi ṣe ń so òwú tó já. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kò sí ṣòkòtò tó já bọ́ lọ́jọ́ náà.

Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ẹ̀rín lọ́dọ̀ ilé ìtọ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, Falmata dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí kókó tí mo ta, ó ṣì ń gbìyànjú àti tú u. Ó ti tọ̀ sára. Àwọn ọmọ yí i ká, wọ́n ń nawọ́ sí i. Kò sunkún. Ó kàn ń fa ìjàrá yẹn, ó ń fà á, kókó sì ń le sí i. Abẹ ni mo fi gé e.

Ibà ń ṣe Kaka lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀dọ́bìnrin kan tó fi ìborùn bo ojú dé ìdajì ló wá mú ọmọ náà, làálì sì dúdú lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn ọmọ sọ fún mi pé ìyá Falmata ni. Mo sáré bá a ní géètì, láàárín àwọn ìyá yòókù. Mo fi Hausa tí kò tó nǹkan bẹ̀ ẹ́, mo ní kó má bínú, èmi ni mo jẹ̀bi, ohun báyìí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ rẹ̀.

Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, “'Yar Kaka ce.” Ọmọ Kaka ni.

Mo ní, “Ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ kọ́ lo bí i?”

Ó rìn síwájú, ọmọ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, kò dì í lọ́wọ́ mú. Inú bí mi. Mo pariwo tẹ̀ lé e pé, “Falmata! Ìwọ náà pe orúkọ ọmọ rẹ kí n gbọ́!” Gbogbo àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ sì wolẹ̀.

Hájíà ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, “Àkọ́bí rẹ̀ ni Falmata. Lọ́dọ̀ wa, ìyá kì í pe orúkọ àkọ́bí rẹ̀. Kì í gbé e mọ́ra níta, kì í kẹ́ ẹ lójú èèyàn. Ìyá àgbà ló ń tọ́ ọ. Ojú ń ti ìyá ni, Malama, ìtìjú tó dára ni. Bí ìfẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni ìtìjú ṣe ń pọ̀ tó. Ìwọ wá ní kó wá bọ́ra sílẹ̀ lẹ́nu géètì.”

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ní ilé wa, ìyá tó bá rí ọmọ rẹ̀ ní géètì á ki í láti ibẹ̀ délé, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀ pé ó bímọ. Mo ti rò pé bí ìyá bá ṣe pariwo tó ni ìfẹ́ rẹ̀ ṣe tó. Mo ronú sí i lọ́nà ilé, mo tún ń ronú sí i lẹ́nu ìdáná. Èmi tí mò ń bínú pé wọn ò pe orúkọ mi, mo ti pàṣẹ fún obìnrin kan láti pe ohun tó fi pamọ́ sínú jù lọ.

Falmata kò wá lọ́jọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n kò rí i. Mo bẹ Hájíà, ó mú mi lọ sí ilé wọn, kò jìnnà sí ilé-ìwé. Kaka jókòó lórí ẹní, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn mí. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọmọ náà fún òun, ọwọ́ yìí ni òun fi ń ṣe é, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni fi í rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Níkẹyìn ó sọ pé òun máa dá a pa dà, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn ìyá ló máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ eré ìdíje ilé-ìwé. Bí ojú bá tún ti ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn, ó ti parí, ilé lọ́dọ̀ òun ló máa wà.

Kọ́tìnì kan wà lẹ́nu yàrá tó kọjú sí wa. Lábẹ́ rẹ̀ mo rí ẹsẹ̀ méjì, làálì dé ọrùn ẹsẹ̀. Wọ́n dúró síbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wọlé, wọn kò sì yẹsẹ̀ títí mo fi jáde.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá mi lórí tẹlifóònù. Mo rò pé ó máa bá mi kẹ́dùn. Ẹ̀rín ló bú sí.

Ó ní, “Ṣé o gbọ́ mi dáadáa? Ta ló kọ́ ẹ ní òwú?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ṣé síso ni mo kọ́kọ́ kọ́ ẹ? Òwú tó ta kókó ni mo dà sílẹ̀ níwájú rẹ, mo ní tú u. O tú òwú títí ẹ̀ẹ̀rùn fi lọ kí n tó jẹ́ kí o so ẹyọ kan. Ọmọ tí kò mọ títú, kí lo ń so nǹkan mọ́ ọn lára sí?”

Wáyà já. Mo dúró níbẹ̀, mo di tẹlifóònù mú, ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi sì ní, “Sannu, Hajiya.”

Mo ra okùn tínńrín ní ọjà, mo gé e kéékèèké, mo ta á ní kókó, èyí tó rọ̀, èyí tó le díẹ̀, èyí tó le gan-an. Mo dà á sórí ẹní níwájú wọn. N kò mọ ohun tí wọ́n ń pe “tú u” ní Hausa, mo bá fi Yorùbá sọ ọ́. “Tú u. Má fà á. Wo ibi tó ti wọlé.” Wọ́n rò pé eré tuntun ni. Falmata á yọ ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, á tẹ orí ba, ọ̀sán á pọ́n kò ní mọ̀. Ìgbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí kókó ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì tí kò lè tú. Lẹ́yìn náà ni mo wá kọ́ wọn ní síso, irú èyí tí èèyàn ń fi etí kan sílẹ̀, tí yóò tú bí a bá fa etí yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn kan kò ní fi irú rẹ̀ ṣe nǹkan. Bàbá mi ì bá rẹ́rìn-ín mi.

Ní Ọjọ́rú kan, wọ́n tò láti de bọ́tìnì. Mo bọ́ síta díẹ̀ láti pọn omi. Nígbà tí mo pa dà, ìlà kò sí mọ́. Falmata ti wo ọwọ́ rẹ̀ tó ṣófo níwájú ìlà, ó wo Ṣẹ́rífátù tó ń dúró dè mí lẹ́yìn, ó bá rìn yí ká lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn tirẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ìlà ti di òbìrìkìtì. Kálukú ń de ẹnìkan, ẹnìkan sì ń de kálukú, kò sí ẹni àkọ́kọ́, kò sí ẹni tó kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibì kankan tí wọ́n ti nílò mi. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún. Mo dúró pẹ̀lú korobá omi lọ́wọ́, mo ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ohun tí kò rí rí. Òótọ́ sì ni, n kò rí i rí.

Ọjọ́ eré ìdíje pé. Àwọn ìyá jókòó lábẹ́ àwọn igi dongoyárò, Kaka wà níwájú, ọ̀dọ́bìnrin oní-làálì sì wà lẹ́yìn pátápátá, ó kọjú sí ibòmíràn bí ẹni pé òpópónà ló wá wò. Kíláàsì mi ló ní eré ìje aṣọ wíwọ̀. Méjì-méjì ni wọ́n ń sáré: wọ́n á dé ibi tí aṣọ ilé-ìwé wọn wà, wọ́n á wọ̀ ọ́ lé aṣọ eré lórí, wọ́n á so ìjàrá, wọ́n á de bọ́tìnì ara wọn, wọ́n á sì di ara wọn lọ́wọ́ mú dé ẹnu ìlà. Falmata àti Ṣẹ́rífátù ni wọ́n jọ wà.

Àwọn ló kọ́kọ́ dé ìdí aṣọ. Falmata de bọ́tìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Ṣẹ́rífátù, mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ ta mí. Ó wá kan ìjàrá tirẹ̀. Ìkánjú ò jẹ́ kó fi etí okùn sílẹ̀ dáadáa. Ó fà á, ó sì ta kókó nígbà tí ṣòkòtò ò tíì dé ìdí rẹ̀. Kò lè lọ sókè, kò lè lọ sísàlẹ̀. Ó ṣubú sínú yanrìn. Àwọn yòókù ń kọjá lára rẹ̀. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lábẹ́ igi, mo sì rí i tí Kaka ń wá ọ̀pá rẹ̀ láti dìde.

Èmi náà ti dìde. Hájíà di ìborùn mi mú látẹ̀yìn. Ó ní, “Malama, ba ta da hannu ne?” Ṣé kò lọ́wọ́ ni?

Mo jókòó. N kò ṣe ohun tó nira tó ìjókòó yẹn rí láyé mi.

Falmata kò wo ẹnikẹ́ni. Ó jókòó dáadáa sínú yanrìn, ó yọ ahọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, ó tẹ orí ba. Ṣẹ́rífátù, tó ti wọṣọ tán, kò sáré lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó sì pariwo, “Tú u! Má fà á!”

Ọmọ tí kò fi Yorùbá dá mi lóhùn rí. Àwọn tó ti dé ẹnu ìlà gbọ́ ọ, àwọn náà gbà á: “Tú u! Tú u!” Kànúrí, Hausa, Márghí, gbogbo wọn ń pariwo rẹ̀ ní ohùn Ìsẹ́yìn tèmi gan-an. Kókó tú. Falmata dìde, ó fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó so ó, ó fi etí kan sílẹ̀. Ṣẹ́rífátù de bọ́tìnì rẹ̀. Wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n rìn lọ sí ẹnu ìlà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn ló gbẹ̀yìn. Kaka jókòó pa dà, ó ń nu ojú, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n ń túká, mo ń ká ẹní lọ́wọ́ nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ oní-làálì méjì níwájú mi. Mo gbé ojú sókè. Ó ti fa ìborùn bojú, ilẹ̀ ló ń wò. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ó ní, “Malama, 'yarki ta iya.” Ọmọ rẹ ti mọ̀ ọ́n ṣe.

N kò sọ fún un pé n kò tíì bímọ. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yẹn, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni pè ní tèmi rí. Èmi náà wolẹ̀, bí mo ṣe rí i tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣe, mo sì dá a lóhùn pẹ̀lú Hausa díẹ̀ tó wà lẹ́nu mi.

Mo ní, “I. 'Yata ce.” Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ mi ni.